Gbèsè Ni Gbòǹgbò, Àlá Ni Òdòdó: Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Tí Martin Luther King Sọ Ní Washington Ní Ọdún 1963

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Bí òwe yìí bá jẹ́ òtítọ́ láàárín ẹni méjì tí ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní ìdákọ́ńkọ́, ó tún jẹ́ òtítọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ẹnì kan ṣoṣo bá dìde láti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ̀rọ̀, tí ìyà ti jẹ àwọn ènìyàn náà pẹ́, tí inú sì ń bí wọn. Irú ipò bẹ́ẹ̀ ni Martin Luther King wà ní ọjọ́ 28, oṣù kẹjọ, ọdún 1963, nígbà tí ó dúró ní iwájú ilé ìrántí Abraham Lincoln ní ìlú Washington, tí àwọn ènìyàn tí ó tó 250,000 sì dúró níwájú rẹ̀. Ẹni ọdún 34 ni. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 17 ni ó fi sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà títí di òní, bí a bá ń ka àwọn ọ̀rọ̀ ìta gbangba tí ó lókìkí jù lọ ní ayé, ó ṣòro kí a tó kan márùn-ún kí a má dárúkọ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti yin ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ìyìn ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kọjá pé ó dùn létí. Adùn nìkan kọ́ ni a fi ń mọ ọ̀rọ̀ tí ó lè yí ọkàn padà. Orin ọ̀mùtí náà a máa dùn. Ìbéèrè tí ó yẹ kí alámèyítọ́ béèrè ni èyí: kí ni asọ̀rọ̀ fẹ́ kí olùgbọ́ gbà, ọ̀nà wo ni ó sì gbà tí olùgbọ́ kò fi rí ibi sá sí? Èrò tí àyẹ̀wò yìí gbé kalẹ̀ ni pé gbèsè ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ King, pé àlá tí gbogbo ayé ń pariwo jẹ́ òdòdó tí ó yọ láti ara gbòǹgbò náà, àti pé ẹni tí ó bá já òdòdó lọ, tí ó fi gbòǹgbò sílẹ̀, kò tíì gbọ́ ohun tí King wí.

Ó dára kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó kó àwọn ènìyàn náà jọ. Ìwọ́de fún Iṣẹ́ àti Òmìnira ni orúkọ tí àwọn olùṣètò fún ọjọ́ náà. A. Philip Randolph, àgbà olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ó ti jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin, ni ó ṣe olórí. Bayard Rustin ni ó tò ó létòlétò. Wọ́n béèrè òfin tí yóò dáàbò bo ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú ní tòótọ́. Wọ́n ní kí ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ dópin ní iléèwé. Wọ́n ní kí ìjọba pèsè iṣẹ́ fún àwọn tí kò ríṣẹ́, kí owó iṣẹ́ tí ó kéré jù lọ má sì dín ní dọ́là méjì fún wákàtí kan, iye tí ó ju èyí tí òfin fi lélẹ̀ nígbà náà lọ. Ẹni tí ó bá ka àwọn ìbéèrè wọ̀nyí yóò rí i pé àwọn ènìyàn náà kò wá rọ́ àlá ní Washington. Iṣẹ́, owó, ìbò àti iléèwé ni wọ́n bá wá.

Gbólóhùn tí King fi ṣí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ pọ̀. Ó ń tọ́ka sí ìkéde tí Lincoln ṣe ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ọdún 1863, pé àwọn ẹrú tí ó wà ní àwọn ìpínlẹ̀ tí ń bá ìjọba jagun ti di òmìnira. Ṣùgbọ́n kò ka ọdún gẹ́gẹ́ bí àwọn Òyìnbó ti ń kà á lóde òní. Ó ka ọgọ́rùn-ún ọdún ní ogún-ogún lọ́nà márùn-ún. Irú òǹkà bẹ́ẹ̀ ti di ohun àtijọ́ lẹ́nu wọn. Inú Bíbélì ayé àtijọ́ ni wọ́n ti ń bá a pàdé, àti nínú ọ̀rọ̀ kúkúrú tí Lincoln fúnra rẹ̀ sọ ní Gettysburg ní ọjọ́ 19, oṣù kọkànlá, ọdún 1863, níbi tí òun náà ti fi ogún ka ọdún. King kò tilẹ̀ dárúkọ Lincoln. Ó kàn fi ohùn rẹ̀ sọ̀rọ̀, ère Lincoln sì wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹlẹ́rìí.

Ìdánwò ńlá ni gbólóhùn yìí jẹ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà sí èdè Yorùbá. Ogún ni ìpìlẹ̀ òǹkà tiwa. Ọgọ́rùn-ún kò ju ogún márùn-ún tí a sún kì lọ, bí ọgọ́ta ti jẹ́ ogún mẹ́ta, tí ọgọ́rin sì jẹ́ ogún mẹ́rin. Ohun tí ó jẹ́ àrà ọ̀tọ̀ lẹ́nu King jẹ́ ohun ojoojúmọ́ lẹ́nu ìyá aláta. Bí ògbufọ̀ bá kọ ọ́ pé ‘ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn’, ìtumọ̀ pé ṣùgbọ́n iyì ti lọ. Ó ní láti wá ohùn tí àwọn àgbà fi ń pìtàn kí etí olùgbọ́ tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni ó ń bọ̀. Láti ara àpẹẹrẹ kékeré yìí ni a ti lè rí i pé agbára ọ̀rọ̀ kò sí nínú ìtumọ̀ nìkan. Ó wà nínú ohun tí olùgbọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí asọ̀rọ̀ sì fọwọ́ kàn.

Lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ yìí ni King gbé gbèsè kalẹ̀. Ó ní nígbà tí àwọn tí ó dá orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀ kọ Ìwé Ìkéde Òmìnira àti ìwé òfin ìpìlẹ̀, ìwé àdéhùn gbèsè ni wọ́n fọwọ́ sí, pé gbogbo ènìyàn, dúdú àti funfun, ni yóò ní ẹ̀tọ́ sí ìyè, sí òmìnira àti sí ìlépa ayọ̀. Ó ní Amẹ́ríkà kò san gbèsè náà fún àwọn ọmọ rẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Sọ̀wédowó tí kò ní owó lẹ́yìn ni ó já fún wọn, báńkì sì dá a padà. Ó wá ní àwọn kọ̀ láti gbà pé owó ti tán ní báńkì ìdájọ́ òdodo, nítorí náà àwọn wá gba owó àwọn.

Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni èyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí a kàn fi ṣe ọ̀rọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ó ṣe. Èkíní, ó yí ipò àwọn tí ń béèrè padà. Alágbe ni í tọrọ. Olówó ni í béèrè. Láti ìgbà tí King ti lo ọ̀rọ̀ báńkì, kò sí ẹni tí ó tún lè sọ pé àwọn aláwọ̀ dúdú wá tọrọ àánú. Èkejì, ó fi ọwọ́ onígbèsè fúnra rẹ̀ dè é. King kò mú òfin àjèjì wá; ìwé tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà fi ń yangàn ni ó tẹ́ síwájú wọn. Ẹni tí ó bá sọ pé òun kò jẹ gbèsè ní láti kọ́kọ́ sẹ́ ìwé àwọn bàbá rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ó bu àkókò fún ọ̀rọ̀ náà. Ojú rere lè dúró di ọdún tí ń bọ̀, ṣùgbọ́n gbèsè tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá kò yẹ kí ó dúró di ọ̀la.

Alámèyítọ́ lè takò ó níhìn-ín pé àfiwé náà kò dúró ṣánṣán. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó fọwọ́ sí Ìwé Ìkéde náà ní ọdún 1776 ni ó ní ẹrú nílé. Thomas Jefferson tí ó kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà lára wọn. Ó ṣòro láti gbà pé àwọn ẹrú wọn wà lọ́kàn wọn nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n ìpàrọwà King ti hàn. Ó gbé agbádá tí kò tó àwọn bàbá náà wọ̀ wọ́n, kí àwọn ọmọ wọn lè tijú láti má hùwà alágbádá. Ohun tí ìwé sọ ni ó mú, kì í ṣe ohun tí ó wà nínú akọ̀wé. Ohun tí a bá sì kọ sílẹ̀ kò ṣeé gbé mì mọ́.

Ní ilẹ̀ Yorùbá ayé àtijọ́, bí onígbèsè bá ń fi òní dónìí, tí ó ń fi ọ̀la dọ́la, olówó a máa rán ológò lọ dógò tì í. Ológò yóò wọ ilé onígbèsè, yóò jókòó, yóò máa sọ̀kò ọ̀rọ̀, yóò sì máa pa adìẹ tí ó bá rí nínú agbo ilé jẹ, títí ojú yóò fi ti ẹbí tí wọn yóò sì wá owó san. Òǹkàwé tí ó bá mọ àṣà yìí yóò tètè mọ irú ìjókòó tí ó wáyé ní Washington. Ènìyàn 250,000 lọ dógò ti orílẹ̀-èdè kan ní ojúde ara rẹ̀, lójú gbogbo ayé. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà: ológò ti King kò pa adìẹ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn tí ó ti béèrè owó tán, ó yíjú sí àwọn ènìyàn tirẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má fi ìkorò àti ìkórìíra pa òùngbẹ òmìnira, kí wọ́n fi agbára ẹ̀mí pàdé agbára ara, kí wọ́n má sì kà gbogbo aláwọ̀ funfun sí ọ̀tá, nítorí pé àwọn kan nínú wọn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìkìlọ̀ yìí kò dín ìbéèrè náà kù. Ó gba ohun ìjà tí onígbèsè ìbá fi gbèjà ara rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọnà-èdè tí ó hàn jù lọ nínú ọ̀rọ̀ náà ni àwítúnwí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni King pe ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó ti kọjá láti ìgbà ìkéde Lincoln, ìyà kan sì tẹ̀lé ìpè kọ̀ọ̀kan: àìní òmìnira, ẹ̀wọ̀n ìyàsọ́tọ̀, erékùṣù òṣì láàárín òkun ọrọ̀, àti wíwà bí àlejò ní ilẹ̀ ẹni. Lẹ́yìn náà ó tún sọ lẹ́ẹ̀mẹrin pé ìsinsìnyí ni àkókò. Awẹ́ gbólóhùn adọ́gba ni gbogbo wọn, orí kan náà, ìrù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Orí tí kò yí padà ni ó ń fún olùgbọ́ ní ibi ìdúró. Ìrù tí ń yí padà ni ó ń gbé èrò síwájú. Bí ìlù ni ó rí: ìyá ìlù ń sọ̀rọ̀ tuntun, omele kò sì kúrò lójú kan. Ẹni tí ó bá gba àwọn àwítúnwí yìí kúrò yóò rí i pé àròyé náà ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní rí ohun tí yóò gbé e wọ inú egungun olùgbọ́.

Kì í ṣe láti iléèwé gíga nìkan ni King ti kọ́ irú ìsọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ àti bàbá ìyá rẹ̀ ni ó ṣe àlùfáà ìjọ Onítẹ̀bọmi Ebenezer ní ìlú Atlanta, òun náà sì jẹ́ àlùfáà. Nínú ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú níbẹ̀, ẹni tí ń wàásù kì í dá sọ̀rọ̀. Òun ni ń lé, ìjọ ni ń gbè. Nínú ìwàásù ni ó ti mọ bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ wòlíì Ámósì lórí òdodo tí ń ṣàn bí omi, àti ti Àìsáyà lórí àfonífojì tí a ó gbé ga, bọ inú àròyé láìjẹ́ pé a dá olùgbọ́ dúró láti sọ ibi tí wọ́n ti wá. Olùgbọ́ tí ó bá mọ Bíbélì yóò gbà á bí ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ti gbàgbọ́.

Ègbè yìí kan náà ni ó bí apá tí ó lókìkí jù. Àwọn tí ó wà nítòsí jẹ́rìí sí i pé olórin ẹ̀mí nì, Mahalia Jackson, ké sí King láti ẹ̀yìn pé kí ó sọ fún wọn nípa àlá náà. King fi ìwé tí ó ń kà sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ láti inú wá. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni ó sọ pé òun ní àlá kan. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ já bọ́ láti ojú ọ̀run lọ́jọ́ náà. Ó ti lò ó ní Rocky Mount ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní oṣù kọkànlá, ọdún 1962, àti ní Detroit ní oṣù kẹfà, ọdún 1963. Gẹ́gẹ́ bí oníjàálá ti ń fa ohun tí ó ti wà nínú rẹ̀ yọ nígbà tí agbo bá gbóná, bẹ́ẹ̀ ni King ṣe. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun ni ọgbọ́n rẹ̀ níbẹ̀. Ọgbọ́n rẹ̀ ni mímọ àkókò tí ọ̀rọ̀ náà yóò bá ara mu.

Àní nínú òdòdó yìí, ẹ̀gún wà. King kò lá àlá rẹ̀ sí ojú òfuurufú. Ó dárúkọ Georgia, Mississippi àti Alabama, àwọn ìpínlẹ̀ tí ìyà ti pọ̀ jù. Nígbà tí ó dé ìparí, tí ó ń pe òmìnira kí ó dún láti orí òkè dé orí òkè, ó bẹ̀rẹ̀ láti àríwá, ó sì sọ̀ kalẹ̀ wá sí gúúsù. Ó dárúkọ Stone Mountain ní Georgia. Orí òkè yẹn ni wọ́n ti tún ẹgbẹ́ Ku Klux Klan dá sílẹ̀ ní ọdún 1915. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé ẹwà ilẹ̀ ni King ń kì. Ẹni tí ó mọ̀ yóò gbọ́ pé inú ilé àwọn tí ń pa wọ́n ni ó ti ń béèrè òmìnira.

Láti ọdún 1986 ni Amẹ́ríkà ti ń fi ọjọ́ ìsinmi kan ṣe ìrántí King lọ́dọọdún, àwọn ọmọ iléèwé sì ń há ọ̀rọ̀ náà sórí. Ṣùgbọ́n apá wo ni wọ́n ń há? Àlá náà ni. Gbólóhùn tí King fi ní òun fẹ́ kí a fi ìwà mọ àwọn ọmọ òun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí a má fi àwọ̀ mọ̀ wọ́n, ti di ohun tí àwọn olóṣèlú kan ń fà yọ láti fi tako ètò tí a fẹ́ fi ṣe àtúnṣe fún ìyà àtẹ̀yìnwá. Bẹ́ẹ̀ ni nínú ìwé tí King fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 1964, Why We Can’t Wait, ó sọ gbangba pé irú ètò àtúnṣe bẹ́ẹ̀ tọ́. Ẹni tí ó jẹ gbèsè ti gba sọ̀wédowó náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ya ibi tí iye owó wà, ó sì ń fi ìyókù ṣe ọ̀ṣọ́ sára ògiri.

Ọ̀nà mìíràn tí a tún ń gbà gé ọ̀rọ̀ náà kúrú ni fífi King àti Malcolm X ṣe ọ̀tá, bí ẹni pé àlá ni ti ọ̀kan, ìbínú ni ti èkejì. Òtítọ́ ni pé Malcolm X fi ìwọ́de náà ṣe ẹlẹ́yà, ó ní eré lásán ni. Àwọn ọmọ iléèwé gíga Mùsùlùmí ní Ìbàdàn tí ó sọ ọ́ ní Ọmọwálé nígbà tí ó wá ní oṣù karùn-ún, ọdún 1964, mọ̀ pé kì í fi epo pa ọ̀rọ̀ lára. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ tí ó sọ ní Cleveland ní oṣù kẹrin ọdún náà, lórí ìbò àti ọta ìbọn, ohun tí òun náà kà sílẹ̀ ni ọdún 310 tí àwọn baba ńlá àwọn fi ṣiṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀. Gbèsè kan náà ni àwọn méjèèjì ń béèrè. Ohùn ni ó yàtọ̀. King bá onígbèsè sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó gbà pé ojú ṣì lè tì í. Malcolm X bá olówó sọ̀rọ̀, kí ó lè mọ iye tí a jẹ ẹ́.

Ṣé ọ̀rọ̀ náà ṣiṣẹ́? Kò yẹ kí olùkọ́ èdè sọ agbára ọ̀rọ̀ di àsọrégèé. Ní ọjọ́ 15, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1963, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bọ́ǹbù bú nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Birmingham, ó sì pa ọmọdébìnrin mẹ́rin. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú jáde ní oṣù keje, ọdún 1964, òfin ìbò sì tẹ̀lé e ní oṣù kẹjọ, ọdún 1965. Ẹsẹ̀ àwọn tí ó rìn, àwọn tí wọ́n nà àti àwọn tí wọ́n tì mọ́lé ni ó gbé àwọn òfin náà wá, pẹ̀lú ọ̀rọ̀. Ohun tí ọ̀rọ̀ King ṣe ni pé ó fún àwọn ẹsẹ̀ náà ní orúkọ ohun tí wọ́n ń lé. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé òun kò mọ ohun tí wọ́n ń béèrè.

King fúnra rẹ̀ kò gbàgbé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1968, bí ó ti ń múra láti tún kó àwọn tálákà lọ sí Washington, àfiwé sọ̀wédowó ni ó tún padà sí: ó ní àwọn ń bọ̀ wá gba owó àwọn. Ní ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹrin, ọdún náà, wọ́n yìnbọn pa á ní Memphis, níbi tí ó ti lọ gbèjà àwọn òṣìṣẹ́ tí ń kó ilẹ̀. Láàárín ọdún 1963 àti ọdún ikú rẹ̀, ìbéèrè náà kò yí padà.

Òwe kan ní àlá tí ajá bá lá, inú ajá ní í gbé. King kò jẹ́ kí tirẹ̀ gbé inú. Ó sọ ọ́ síta, ayé sì gbà á. Ohun tí ó kù fún olùkọ́ tí yóò bá gbé ọ̀rọ̀ náà wọ kíláàsì ni kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí King ti bẹ̀rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ ka gbèsè, kí ó tó rọ́ àlá. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àbọ̀ tí ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ bá yàn ni, kì í ṣe àbọ̀ tí onígbèsè bá bá a yàn.